Jẹ́lì Koríko Òkun àti Sẹ́ẹ̀lì: Àríwísí lórí Iṣẹ́ Ọdún 1999 àti Àwọn tí Ó Tẹ̀lé E

Ẹ̀kọ tí a bó ewé kúrò lára rẹ̀ a máa dá dúró nínú àwo, bẹ́ẹ̀ omi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jẹ́lì olómi kò ní láti wá àpẹẹrẹ mìíràn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Okùn tínínrín ni, tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n so kọ́ ara wọn bí àwọ̀n apẹja, tí omi sì há sí àárín wọn tí kò lè ṣàn lọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹ̀kọ, ikùn ni ó ń lọ. Jẹ́lì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ń ṣe é fún, àti inú egungun tí ó ti sọnù, àti ibi tí ẹran ara ti jẹ lọ tí kò sì lè tún ara rẹ̀ hù.

Ní ọdún 1960 ni Otto Wichterle àti Drahoslav Lím, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Prague, kọ ìwé ṣókí kan sínú ìwé ìròyìn Nature, tí wọ́n fi hàn pé irú jẹ́lì bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò, lè bá ara alààyè gbé láìjà. Láti inú iṣẹ́ wọn ni awò rírọ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú ti jáde. Ìtàn rẹ̀ dùn-ún sọ fún ọmọdé: ní àkókò Kérésìmesì ọdún 1961, Wichterle jókòó sínú ilé rẹ̀, ó fi irin ìṣeré ọmọdé àti dainamó kẹ̀kẹ́ kan ṣe ẹ̀rọ tí ń yí, ó sì da awò díẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà tí ó mú kí jẹ́lì náà yẹ ojú ni pé kì í dá sí ẹnikẹ́ni. Sẹ́ẹ̀lì kò rí ibi dì mú lára rẹ̀. Nínú ojú, ìwà rere ni èyí. Níbi tí wọ́n bá ti ń fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì wá fi ṣe ilé, àbùkù ńlá ni.

Ilé ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àtúnmọ ẹ̀yà ara sì ń fẹ́. Ìrètí wọn ni pé kí wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì alààyè sínú jẹ́lì, kí wọ́n fi jẹ́lì náà dí ihò tí ó wà lára aláìsàn, kí sẹ́ẹ̀lì máa hun ẹran tàbí egungun tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí jẹ́lì sì máa yọ́ lọ ní ìwọ̀n bí ẹran tuntun ti ń gba ipò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ jẹ́lì kò kéré: kí ó gba àlejò, kí ó fún un láyè, kí ó sì lọ nígbà tí àlejò bá ti di onílé. Nítorí pé jẹ́lì tí ó wà nílẹ̀ kò lè ṣe gbogbo èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún kẹ́místírì rẹ̀ ṣe. Ìwé tí wọ́n ti kọ lórí àtúnṣe yìí pọ̀ bí ewé ọ̀dàn, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn kò sì ju pé wọ́n rán ẹ̀ṣọ́ tuntun mọ́ aṣọ àtijọ́. Ìwé kan yẹ kí a yọ sọ́tọ̀ kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí ohun tí ó ṣe àti nítorí ohun tí àwọn ènìyàn rò pé ó ṣe.

Ìwé náà ni èyí tí Rowley, Madlambayan àti Mooney ti Yunifásítì Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ sínú ìwé ìròyìn Biomaterials ní ọdún 1999. Aljinéètì ni wọ́n mú ṣe ohun èlò. Láti ara koríko òkun tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti kòkó ni ó ti ń wá; E. C. C. Stanford, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde tí ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní ọdún 1881. Oníṣègùn eyín ń fi í gba àwòrán ẹnu aláìsàn, àwọn tí ń ṣe áíìsì kíríìmù sì ń fi í mú un ki. Oríṣi ṣúgà méjì ni ó so ara wọn di okùn rẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ mannuronic acid, èkejì guluronic acid. Níbi tí guluronic bá ti tò léra, kálísíọ́mù a wọ àárín okùn méjì, a sì so wọ́n pọ̀, bí ẹyin ti ń jókòó sínú páálí rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá rí ìyẹ̀fun sódíọ́mù aljinéètì díẹ̀ àti omi tí a po kálísíọ́mù kíláráìdì sí lè fi èyí han kíláàsì ní ìṣẹ́jú márùn-ún: kí ó máa kán ọ̀kan sínú èkejì, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan yóò di róbótó lójú àwọn ọmọ.

Jẹ́lì yìí rọrùn, kò gbóná, kò ní májèlé tí yóò pa sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá pò mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ẹranko kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ohunkóhun lára okùn koríko òkun tí sẹ́ẹ̀lì èkúté tàbí ti ènìyàn lè pè ní tirẹ̀, omi tí ó sì kún inú rẹ̀ kò jẹ́ kí prótéènì inú ẹ̀jẹ̀ rí ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́, kí sẹ́ẹ̀lì ba lè gba ara ìyẹn gùn ún. Ó dà bí àlejò tí ó wọ agboolé ńlá tí kò sì sí ẹni tí ó kí i káàbọ̀.

Kíkí yìí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ kọ́ aljinéètì. Ní ọdún 1984 ni Pierschbacher àti Ruoslahti ti fi hàn pé nínú fibronectin, prótéènì gígùn tí sẹ́ẹ̀lì máa ń dì mọ́ nínú ara, ibi kúkúrú kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì dì mú: arginine, glycine àti aspartic acid, tí àwọn onímọ̀ gé orúkọ wọn kúrú sí RGD. Integrin, ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì nà síta, ni ó ń gbá mẹ́ta yìí mú. Ní Michigan, wọ́n ṣe okùn kékeré tí ó ní RGD ní àárín, wọ́n sì so ó mọ́ apá ásíìdì tí ó wà lára ṣúgà aljinéètì. Èròjà tí ń jẹ́ carbodiimide ni ó ṣe alárenà wọn: ó jí apá ásíìdì náà, ó mú un pàdé okùn kékeré yìí, ìdè sì wà láàárín àwọn méjèèjì láìkù ohunkóhun lára rẹ̀ síbẹ̀. Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà a yẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí wọ́n da sẹ́ẹ̀lì iṣan èkúté sórí jẹ́lì náà. Lórí aljinéètì lásán, sẹ́ẹ̀lì kò dúró. Lórí èyí tí wọ́n tún ṣe, wọ́n dì mú, wọ́n tẹ́ ara wọn, wọ́n bí sí i, wọ́n sì parapọ̀ di okùn iṣan tí ó ní ọkàn-sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ nínú, tí ó ń ṣe prótéènì tí iṣan tòótọ́ fi ń fà.

Kí ni ó mú iṣẹ́ yìí dára? Àwọn tí ń yìn ín máa ń sọ pé ó dára nítorí ó fi RGD sí jẹ́lì. Ìyìn náà ṣì ọ̀nà. Àwọn ẹlòmíràn ti fi RGD sí ara oríṣiríṣi nǹkan ṣáájú wọn. Iyì iṣẹ́ náà wà nínú ohun tí wọ́n yàn láti fi í sí. Aljinéètì kò sọ ohunkóhun fún sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ohunkóhun tí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe lórí rẹ̀, àtúnṣe yẹn ni ó ṣe é. Pátákó tí a nu mọ́ tónítóní ni ó yẹ kí a kọ ọ̀rọ̀ sí bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà wí. Ẹ fi í wé jẹ́látíìnì tí wọ́n fi methacrylic anhydride tún ṣe, èyí tí Van Den Bulcke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Belgium gbé jáde ní ọdún 2000, tí ó ti gbilẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí púpọ̀ láti ìgbà náà. Láti ara awọ àti egungun ẹran ni jẹ́látíìnì ti ń wá. RGD ti wà lára rẹ̀ láti ilé, sẹ́ẹ̀lì sì mọ bí a ti ń gé e jẹ. Wọn a tan ìmọ́lẹ̀ sí i, a sì dì. Ó wúlò, ó rọrùn, ẹ̀rọ tí ń tẹ ẹ̀yà ara bí ìwé sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi kún methacryl rẹ̀ kí ó lè le sí i, ojú àwọ̀n rẹ̀ a fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gígé rẹ̀ a sì nira fún sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wá yí ìwà padà, ta ni yóò jẹ́rìí pé líle ni ó fà á? Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú ìgboyà tí kò tọ́ sí wọn.

Àbùkù iṣẹ́ 1999 náà kò fara sin. Orí jẹ́lì ni wọ́n gbé sẹ́ẹ̀lì sí, wọn kò fi í sí inú rẹ̀. Ẹni tí ó tẹ́ ẹní sórí òrùlé lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ti fẹ́. Ẹni tí wọ́n mọ mọ́ inú ògiri kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí kíkí tí wọ́n kí i dùn tó. Nínú ọgbẹ́, inú ògiri ni sẹ́ẹ̀lì yóò wà. Ojú àwọ̀n aljinéètì kéré púpọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì, ara ènìyàn kò sì ní èròjà tí ń gé okùn rẹ̀. Sódíọ́mù inú ara lè lé kálísíọ́mù kúrò díẹ̀díẹ̀ kí ìdè náà sì tú, ṣùgbọ́n okùn gígùn tí ó bá tú sílẹ̀ lè pọ̀ jù fún kíndìnrín láti tọ̀ dànù. Ìwé náà kò purọ́ lórí èyí. Orí pẹrẹsẹ ni wọ́n sọ pé àwọn ti ṣe é, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n dúró sí. Àwọn tí ó ka ìwé náà ni kò dúró síbẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, RGD ti di iyọ̀ tí gbogbo ọlọ́bẹ̀ ń bù sí ọbẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì inú jẹ́lì kan bá ká ara rẹ̀ jọ róbótó tí kò ṣe iṣẹ́, wọn a ní RGD kò tó, wọn a tún bù ú kún un. Tàbí kí wọ́n wá okùn prótéènì mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ jẹ́lì wá di ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọgbọ́n ẹni tí ó ṣe é. Àṣìṣe yìí náà ni ó máa ń wọ inú ìwé àkọ́kà nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọdé pé sẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn RGD, tí wọ́n sì fi ìlà sí i nídìí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn, ó sì yẹ kí a dárúkọ wọn. Ní ọdún 2001, Bouhadir àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ Mooney kan náà, fi periodate já ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ṣúgà aljinéètì, kí omi lè máa gé okùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ara. Ní ọdún 2003, Lutolf àti Hubbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Switzerland fi aljinéètì sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n fi okùn PEG ṣe jẹ́lì, wọ́n sì fi prótéènì kékeré tí sẹ́ẹ̀lì lè gé ṣe kókó rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ni yóò gé ọ̀nà fún ara rẹ̀. Wọ́n fi èròjà tí ń mú egungun hù sínú rẹ̀, wọ́n fi dí ihò agbárí eku tí kò lè dí fúnra rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì wọ inú rẹ̀, egungun sì hù láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Iṣẹ́ dáradára ni. Ohun tí ó jẹ́ kí ó dára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni pé ẹni tí ó ṣe é rántí pé sẹ́ẹ̀lì ní láti rìn.

Lẹ́yìn náà ni Engler àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ gbé ìwé wọn jáde ní ọdún 2006, tí wọ́n fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ tí ó jókòó sórí jẹ́lì tí ó rọ̀ bí ọpọlọ a máa ṣe bí sẹ́ẹ̀lì iṣan-ìmọ̀lára, èyí tí ó wà lórí èyí tí ó le bí ẹran iṣan a máa ṣe bíi ti iṣan, èyí tí ó wà lórí èyí tí ó le jù a sì máa tọ ọ̀nà egungun. Ìwé náà gbajúmọ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n orí jẹ́lì ni ti òun náà, láti ìgbà náà sì ni gbogbo ènìyàn ti ń díwọ̀n líle jẹ́lì ṣáá, bí ẹni pé iye kan ṣoṣo tó láti fi ṣe àpèjúwe ara alààyè.

Iyán àti rọ́bà lè le bákan náà lábẹ́ ìka ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá fi ìka tẹ rọ́bà, bí ó bá tẹ̀ ẹ́ di alẹ́, yóò máa tì í padà ni. Ìyán a dákẹ́, a gbà, ojú ìka a sì kù síbẹ̀. Ẹran ara ènìyàn sún mọ́ iyán ju rọ́bà lọ. Ọ̀pọ̀ jẹ́lì tí wọ́n fi ìdè kẹ́míkà líle so pọ̀ jẹ́ rọ́bà. Ìyàtọ̀ yìí ni Chaudhuri àti Mooney pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé yẹ̀ wò nínú ìwé tí wọ́n kọ sínú Nature Materials ní ọdún 2016, aljinéètì náà ni wọ́n sì padà sí. Wọ́n gé okùn rẹ̀ kúrú, tàbí kí wọ́n so okùn PEG mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìdè kálísíọ́mù má baà fún jù, wọ́n sì yí iye kálísíọ́mù padà kí líle àkọ́kọ́ gbogbo jẹ́lì lè dọ́gba. Nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n ní jẹ́lì tí ó gbà kí ipá tí a fi tẹ̀ ẹ́ dín sí ìdajì ní nǹkan bí wákàtí kan, wọ́n sì ní èyí tí ó gbà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Inú jẹ́lì ni wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì sí lọ́tẹ̀ yìí. Nínú èyí tí kò tètè gbà, sẹ́ẹ̀lì ká jọ róbótó. Nínú èyí tí ó tètè gbà, wọ́n na ọwọ́ na ẹsẹ̀, wọ́n bí sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ tí wọ́n ti inú mùdùnmúdùn èkúté wá, tí wọ́n wà nínú jẹ́lì tí líle rẹ̀ jẹ́ kilopascal 17, bẹ̀rẹ̀ sí í da ìpìlẹ̀ egungun yí ara wọn ká.

Ìwé yìí ni ó dá ìwé 1999 láre, òun náà ni ó sì bá a wí. Ó dá a láre nítorí pé RGD kò di asán: nígbà tí wọ́n fi kún un nínú jẹ́lì tí ó tètè gbà, iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì dára sí i. Ó bá a wí, tàbí kí a kúkú sọ pé ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí, nítorí pé jẹ́lì méjì tí wọ́n kí sẹ́ẹ̀lì bákan náà, tí wọ́n sì le bákan náà, kò bá a lò bákan náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń fi ohùn òkè kí àlejò nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì.

Kì í ṣe pé ìwé 2016 kò ní ibi tí a lè mú un sí. Ẹni tí ó gé okùn kúrú tí ó tún yí iye kálísíọ́mù padà, nǹkan méjì ni ó yí, kálísíọ́mù fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gbọ́ èdè rẹ̀. Ohun tí ó gbà wọ́n ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà dé ibì kan náà, gígé okùn àti síso PEG. Bí ẹlẹ́rìí méjì tí kò gbé ilé kan bá sọ ohun kan náà ní kóòtù, adájọ́ a tẹ́tí. Ìwà olóòótọ́ nínú iṣẹ́ báyìí ni kí àtúnṣe kéré, kí èyí tí kò gbọdọ̀ yí dúró sójú kan, kí ó sì ṣe é ṣe fún òǹkàwé láti tọ́ka sí èyí tí ó fa àbájáde. Nínú èyí, ìwé 1999 àti ti 2016 jọ ara wọn bí ọmọ ìyá, wọ́n sì ga ju ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé tí ó wà láàárín wọn, tí wọ́n fi èròjà márùn-ún kún jẹ́lì lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n sì ń yọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì yè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan aláìsàn, nítorí náà kò yẹ kí àwọn tí ń ròyìn rẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé fi ìlérí pò ó mọ́ ìṣe. Aljinéètì tí ó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nínú wọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi ń bo ojú ọgbẹ́ tí ń ṣomi, èyí tí kò ní RGD lára rárá ni. Ní ọdún 2017, Darnell pẹ̀lú àwọn ará ilé iṣẹ́ Mooney gbé jẹ́lì tí ó tètè gbà kúrò nínú àwo, wọ́n fi dí ihò agbárí eku, egungun tí ó hù níbẹ̀ sì ju èyí tí ó hù nínú jẹ́lì tí kò tètè gbà lọ. Agbárí eku kì í gbé ẹrù. Itan ènìyàn tí ó kán, tí olúwarẹ̀ yóò sì fi rìn lọ sí oko ní ọ̀la, ń fẹ́ ohun tí yóò rọ̀ fún sẹ́ẹ̀lì ní ìṣẹ́jú kan kí ó sì tún gbé ìwọ̀n ara ẹni náà ní gbogbo ọjọ́, aljinéètì nìkan kò sì lè gbé e.